Early Decision tàbí Early Action: ohun tó yẹ kí ẹ ṣírò kí ọmọ tó fọwọ́ síwèé

Ọjọ́ 1 oṣù kẹjọ ni Common App, fọ́ọ̀mù orí ayélujára kan tí ọ̀pọ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì Amẹ́ríkà jọ ń lò, máa ń ṣílẹ̀kùn ọdún tuntun. Nígbà tó bá fi máa di ọjọ́ 1 oṣù kọkànlá, ọmọ tó ń wá àyè sí àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì Amẹ́ríkà tó ṣòroó wọ̀ gbọ́dọ̀ ti pinnu bóyá òun máa béèrè ní kùtùkùtù, àti irú ìbéèrè kùtùkùtù tó máa jẹ́. Méjì ló gbajúmọ̀: Early Decision, tí wọ́n ń pè ní ED, àti Early Action, ìyẹn EA. Orúkọ wọn jọra, gbèdéke wọn sábà máa ń bọ́ sí ọjọ́ kan náà, ojú kan náà lórí fọ́ọ̀mù ni wọ́n sì ti ń mú un. Ìyàtọ̀ wọn ni pé EA dà bíi mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́: ẹbí méjèèjì ti rí ara wọn, wọ́n ti jẹ, wọ́n ti mu, àmọ́ ẹnikẹ́ni ò tíì san owó orí. ED ni ìdána. Tí kọ́lẹ́ẹ̀jì bá ti ní kí ọmọ máa bọ̀, tiwọn ló dà, ó sì gbọ́dọ̀ kọ̀wé sí gbogbo ibi yòókù pé òun ò ṣe mọ́.

Bí ìkọ̀ọ̀kan ṣe ń ṣiṣẹ́

Kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ṣoṣo ni ọmọ lè bá ṣe ED lẹ́ẹ̀kan náà. Ìwé àdéhùn kan wà nínú Common App tí ènìyàn mẹ́ta máa ń fọwọ́ sí: ọmọ fúnra rẹ̀, òbí tàbí alágbàtọ́ kan, àti olùdámọ̀ràn ilé-ẹ̀kọ́ girama rẹ̀. Gbèdéke sábà máa ń jẹ́ ọjọ́ 1 tàbí ọjọ́ 15 oṣù kọkànlá, èsì á sì jáde ní àárín oṣù kejìlá. Brown, Columbia, Cornell, Dartmouth, University of Pennsylvania, Duke àti Northwestern wà lára àwọn tó ń ṣe é. Àwọn kan tún ní ìpele kejì, ED II, tí gbèdéke rẹ̀ wà ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kìíní, tí èsì rẹ̀ ń dé ní nǹkan bí àárín oṣù kejì: Vanderbilt, Emory, NYU, Johns Hopkins, University of Chicago. Ìdè inú ED II kò dín sí ti àkọ́kọ́. Ọjọ́ nìkan ló yí.

EA kò de ẹnikẹ́ni. Ọmọ lè ṣe é sí ibi mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan náà, kó gba èsì láàárín oṣù kejìlá sí oṣù kejì, kó sì máa gbé wọn yẹ̀ wò títí di ọjọ́ 1 oṣù karùn-ún tí ó gbọ́dọ̀ mú ọ̀kan. MIT, University of Virginia, Georgia Tech àti University of North Carolina ní Chapel Hill ń ṣe é.

Ẹ̀kẹta ló ń ṣi àwọn ènìyàn lọ́nà jù: EA tó ní ìkálọ́wọ́kò. Harvard àti Stanford ń pè é ní Restrictive Early Action, Yale àti Princeton ń pè é ní Single-Choice Early Action. Tí wọ́n bá gba ọmọ, kò sọ pé dandan ni kó lọ. Àmọ́ bí ó bá ti fi fọ́ọ̀mù sílẹ̀ níbẹ̀, kò gbọdọ̀ ṣe ED tàbí EA ní yunifásítì aládàáni mìíràn ní Amẹ́ríkà. Yunifásítì ìjọba tí ìbéèrè rẹ̀ kò deni kò sí nínú èèwọ̀ yẹn, bẹ́ẹ̀ ni ti òkè òkun. Ọmọ Yorùbá tó wà ní London, tó ti fi UCAS rẹ̀ (fọ́ọ̀mù ìwọlé yunifásítì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì) sílẹ̀ ní ọjọ́ 15 oṣù kẹwàá fún Oxford tàbí Cambridge, ṣì lè béèrè Harvard ní kùtùkùtù láìrú òfin. Ti Notre Dame àti Georgetown rọ̀ díẹ̀: wọ́n gbà kí ọmọ ṣe EA níbòmíràn, ED nìkan ni wọn ò gbà. Ní ti University of California, kò ní kùtùkùtù kankan. Ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá ni gbèdéke wọn, kò sì dí ohun mìíràn lọ́wọ́.

Ẹ ka ojú òpó kọ́lẹ́ẹ̀jì náà fúnra rẹ̀ lọ́dún tí ọmọ yín fẹ́ béèrè. Harvard àti Princeton kéde ní 2006 pé àwọn ò ṣe kùtùkùtù mọ́, wọ́n sì dá a padà ní 2011. University of Virginia náà pa ED tì ní 2006, ó gbé e padà ní 2019. Ohun tí ẹ̀gbọ́n ọmọ yín ṣe ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn lè ti di ìtàn.

Ṣé lóòótọ́ ni ED ń lànà?

Òótọ́ wà níbẹ̀. Ní Brown, nínú ọ̀wọ́ tó máa parí ní 2028, nǹkan bí 14 nínú 100 àwọn tó ṣe ED ló wọlé, nígbà tí àpapọ̀ gbogbo ẹni tó béèrè kò ju nǹkan bí 5 nínú 100 lọ. Ìdí rẹ̀ ò farasin: ẹni tó fọwọ́ síwèé dájú pé ó ń bọ̀, kọ́lẹ́ẹ̀jì ò sì ní láti máa méfò iye ìjókòó tó máa kún. Àmọ́ ẹ má fi nọ́ńbà yẹn wọn ọmọ yín bẹ́ẹ̀ lásán. Inú àwọn tó ṣe ED yẹn ni àwọn eléré ìdárayá tí kóòṣì ti bá sọ̀rọ̀ parí láti ìgbà ẹ̀rùn wà, pẹ̀lú àwọn ọmọ tí òbí wọn jáde níbẹ̀ ní àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì tó ṣì ń ka ìyẹn sí.

Bí ẹ ṣe máa rí òdiwọ̀n tó sún mọ́ òótọ́ nìyí. Ọ̀pọ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì ló ń gbé ìwé kan jáde lọ́dọọdún tó ń jẹ́ Common Data Set. Ẹ tẹ orúkọ kọ́lẹ́ẹ̀jì pẹ̀lú ọ̀rọ̀ mẹ́ta yẹn sórí Google, ẹ ṣí ti ọdún tó kẹ́yìn, kí ẹ lọ tààrà sí C1 àti C21. C1 ni gbogbo ẹni tó béèrè àti gbogbo ẹni tó wọlé. C21 ni ti ED nìkan. Ká ní C1 sọ pé 30,000 béèrè, 2,400 wọlé, tí C21 sì sọ pé 4,000 ṣe ED, 800 wọlé. ED jẹ́ 20 nínú 100. Ẹ yọ ọ́ kúrò lára gbogbo rẹ̀: 26,000 ló kù, 1,600 ló wọlé, ìyẹn nǹkan bí 6 nínú 100. Ẹ wá gbà pé 200 nínú 800 yẹn jẹ́ eléré ìdárayá àti irú wọn. Ó ku 600 nínú 3,800, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 16 nínú 100. Ó ṣì fi dáadáa ju 6 lọ, àmọ́ 20 kọ́. Tí ìjókòó ọdún àkọ́kọ́ bá jẹ́ 1,500, ED ti kó ju ìdajì lọ kí ẹnikẹ́ni tó ṣí fọ́ọ̀mù oṣù kìíní wò, ìyẹn ti gbogboogbò tí kì í ṣe kùtùkùtù. Òdiwọ̀n yẹn ni kí ẹ gbé sọ́kàn, kì í ṣe ariwo.

Ohun tí ED kì í ṣe ni kó sọ èsì tí kò tó di èyí tó tó. Bí máàkì ọmọ nínú SAT, ìdánwò ìwọlé Amẹ́ríkà, bá bọ́ sínú ìdá kan nínú mẹ́rin tó wà nísàlẹ̀ jù láàárín àwọn tó wọlé (C9 ló máa fi ìyẹn hàn yín), kò sí ìfẹ́ tó lè dí i.

EA ní tiẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ mú ìwọlé rọrùn. Àǹfààní rẹ̀ ni èsì tó tètè dé, tó ń fọkàn ọmọ balẹ̀, àti pé ní ọ̀pọ̀ yunifásítì ìjọba, gbèdéke EA náà ni gbèdéke sikọ́láṣíìpù. Ẹ̀yin tó wà ní Maryland, ọjọ́ 1 oṣù kọkànlá ni kí ọmọ fi ti College Park sílẹ̀ tó bá fẹ́ kí wọ́n ro òun mọ́ àwọn tí wọ́n máa fún lówó. Àwọn ọmọ Georgia tó fẹ́ Georgia Tech, ọjọ́ 15 oṣù kẹwàá ni tiwọn, ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú àwọn tó ń bọ̀ láti ìpínlẹ̀ mìíràn. University of Texas ní Austin náà, ọjọ́ 15 oṣù kẹwàá. Gbogbo ìwọ̀nyí ni ọmọ lè fi kún ED láìsí ìjà, torí ọ̀pọ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì ED kò kọ EA tí kò deni níbòmíràn. Ó yà wá lẹ́nu bí iye ìdílé tó ń fi ED nìkan sílẹ̀ ṣe pọ̀ tó, tí wọ́n sì jẹ́ kí owó ìpínlẹ̀ tiwọn kọjá lọ.

Ilé là á wò kí a tó sọmọ lórúkọ

Èrò tiwa ni pé ọ̀rọ̀ owó ni ED kó tó jẹ́ ọ̀rọ̀ ìfẹ́. Ẹni tó gba ọ̀nà EA àti ti gbogboogbò, tó bá di oṣù kẹrin, ó lè ní ìwé owó mẹ́ta mẹ́rin, ìyẹn ìwé tí kọ́lẹ́ẹ̀jì fi ń sọ iye ìrànwọ́ tí wọ́n máa fún un, lórí tábìlì. Ó lè fi ti ọ̀kan han èkejì, kó ní kí wọ́n tún tiwọn wò. Ẹni tó ṣe ED, iye kan ṣoṣo ló máa rí, nínú oṣù kejìlá, pẹ̀lú ọ̀sẹ̀ díẹ̀ láti san owó àsansílẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì aládàáni tó gbajúmọ̀, owó ọdún kan, oúnjẹ àti ibùgbé nínú rẹ̀, ti wà ní àyíká 90,000 dọ́là. Ìbéèrè tó wà níbẹ̀ ni iye tó máa kù fún yín láti san lẹ́yìn ìrànwọ́.

Òfin Amẹ́ríkà ti sọ ọ́ di dandan láti 2011 pé kí kọ́lẹ́ẹ̀jì kọ̀ọ̀kan gbé Net Price Calculator, ẹ̀rọ ìṣírò tó ń fojú díwọ̀n iye tó máa kù fún ìdílé láti san, sórí ojú òpó rẹ̀. Ẹ jókòó tì í ní oṣù kẹsàn-án pẹ̀lú ìwé owó-orí tó kẹ́yìn, W-2 (ìwé owó oṣù ọdún kan láti ibi iṣẹ́), iye tó wà nínú báǹkì àti ti owó ìfẹ̀yìntì. Ẹ má fi orí lásán kọ ọ́. Tó bá ti mú iye jáde, ẹ tẹ ojú ìwé náà sórí bébà, ẹ kọ ọjọ́ sí i, ẹ fi pa mọ́. Tí ìwé owó oṣù kejìlá bá yàtọ̀ sí i gan-an, òun lẹ máa gbé lọ bá wọn.

Calculator náà máa ń tọ́ fún ẹni tó ń gba owó oṣù lọ́dọ̀ ẹlòmíràn, tí bàbá àti ìyá jọ ń gbé, tí ilé kan ṣoṣo wà lọ́wọ́ wọn. Ibi tó ti ń ṣìnà, àwọn ìdílé wa pọ̀ níbẹ̀. Ẹni tó ní ilé-iṣẹ́ tirẹ̀, ìbáà jẹ́ ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ, ọkọ̀ akẹ́rù tàbí ilé ìtọ́jú arúgbó, máa rí i pé kọ́lẹ́ẹ̀jì lè kó àwọn ìnáwó kan tí ó fi dín owó-orí kù, bíi ìdínkù iye ọkọ̀, padà sórí owó tó ń wọlé fún un. Òbí tó ti kọ ara wọn sílẹ̀: ọ̀pọ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì tó ń lo CSS Profile, fọ́ọ̀mù ìrànwọ́ owó tí ọ̀pọ̀ aládàáni ń béèrè, máa ní kí èyí tí ọmọ kò gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ náà kọ fọ́ọ̀mù tirẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọdún mẹ́wàá ti kọjá tí kò ti fún ọmọ ní kọ́bọ̀.

Ilé tó wà ní Ìbàdàn, ilẹ̀ tó wà ní Ìkòròdú: CSS Profile máa béèrè gbogbo ilé àti ilẹ̀ tí ẹ ní yàtọ̀ sí èyí tí ẹ ń gbé, iye tí ó tó àti gbèsè orí rẹ̀. Ẹni tó gbàgbé rẹ̀ nínú calculator ní oṣù kẹsàn-án, tó wá rántí kọ ọ́ sínú CSS ní oṣù kọkànlá, iye tó máa jáde fún un kò ní bá ti àkọ́kọ́ mu. Owó tí ẹ ń fi ránṣẹ́ sílé lóṣooṣù fún ìyá àti bàbá kò sì ní ojú kankan nínú calculator. CSS ní àyè àlàyé níparí; ẹ kọ iye rẹ̀ síbẹ̀, ẹ kọ ẹni tó ń gbà á, kí ẹ tọ́jú rìsíìtì. Kọ́lẹ́ẹ̀jì kan lè gbà á wọlé, òmíràn ò ní wò ó. Nítorí náà, ẹ má ṣírò ED lórí ìrètí pé wọ́n máa yọ ọ́ fún yín.

Àti FAFSA àti CSS Profile ló sábà máa ń ṣí ní ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá. FAFSA, fọ́ọ̀mù ìrànwọ́ owó ti ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà, jẹ́ ọ̀fẹ́, ọmọ onílùú àti ẹni tó ní green card ló wà fún. CSS jẹ́ 25 dọ́là fún kọ́lẹ́ẹ̀jì àkọ́kọ́ àti 16 fún ìkọ̀ọ̀kan tó tẹ̀ lé e. Ìdílé tó wà ní Amẹ́ríkà tí owó tó ń wọlé fún wọn lọ́dún kò ju 100,000 dọ́là lọ kì í san án. Gbèdéke fọ́ọ̀mù ìrànwọ́ owó fún ED sábà máa ń bọ́ sí àárín oṣù kọkànlá, ẹni tó bá pẹ́ sì lè gba ìwé ìwọlé láìsí ìwé owó. Tí ẹ bá ní ọmọ méjì ní kọ́lẹ́ẹ̀jì lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ rántí pé FAFSA ti dẹ́kun dídín iye kù nítorí ìyẹn láti ọdún ẹ̀kọ́ 2024 sí 2025. Ọ̀pọ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì CSS ṣì ń kà á. Ẹ fi lẹ́tà béèrè lọ́wọ́ ọ́fíìsì ìrànwọ́ owó kí ẹ tó fọwọ́ sí ohunkóhun. Tí ọ̀rọ̀ yín bá lọ́jú pọ̀, ẹ béèrè bóyá wọ́n lè wo ìwé yín ṣáájú kí wọ́n fún yín ní iye àfojúsùn. Àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì kéékèèké kan máa ń ṣe é.

Lẹ́yìn náà, ẹ kọ iye mẹ́ta sílẹ̀: èyí tí calculator sọ fún ọdún kan, èyí tí ẹ lè san lọ́dún láìyá owó, àti gbogbo owó tí ẹ gbà láti yá fún ọdún mẹ́rin. Ẹ pín ẹ̀kẹta sí mẹ́rin, ẹ fi ìdá kan kún èkejì. Tí iye àkọ́kọ́ bá ju àpapọ̀ yẹn lọ, ẹ má ṣe ED níbẹ̀, bó ti wù kí ọmọ sunkún tó. Tí calculator ò bá lè sọ iye kankan tó ṣeé gbára lé, ohun kan náà ni.

Ìdílé tí owó wọn pọ̀ ju èyí tí ìrànwọ́ wà fún, tí kò sì tó láti san 90,000, irú nọ́ọ̀sì àti ẹnjiníà tó ń sanwó ilé lọ́wọ́, ni ED ń há mọ́ jù. Àwọn yunifásítì Ivy League mẹ́jọ, ẹgbẹ́ àwọn aládàáni àtijọ́ bíi Harvard àti Yale, kì í fún ẹnikẹ́ni ní sikọ́láṣíìpù nítorí pé orí rẹ̀ pé. Àìní owó nìkan ni wọ́n ń wò. Fún irú ìdílé bẹ́ẹ̀, EA sí yunifásítì ìjọba àti àwọn aládàáni tó ń fowó ra ọmọ tó mọ̀wé ló bọ́gbọ́n mu.

Ẹni tó ń béèrè láti Nàìjíríà

Ọ̀pọ̀ calculator kò ṣiṣẹ́ fún ẹni tí kì í ṣe ọmọ Amẹ́ríkà. Ohun tó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀ ni bóyá bíbéèrè owó máa dín àǹfààní ọmọ kù. Harvard, Yale, Princeton, MIT, Amherst, Dartmouth àti Bowdoin kì í wo àpò ọmọ àjèjì nígbà tí wọ́n bá ń pinnu ẹni tó máa wọlé, wọ́n sì ń dí gbogbo ohun tí owó rẹ̀ kò tó. Brown dara pọ̀ mọ́ wọn láti orí ọ̀wọ́ tó máa parí ní 2029. Níbi tó pọ̀ jù yàtọ̀ sí ìwọ̀nyí, wọ́n ń wò ó. Ẹ ṣí H6 nínú Common Data Set: ibẹ̀ lẹ ti máa rí iye ọmọ àjèjì tí wọ́n fún lówó àti iye tí ìkọ̀ọ̀kan gbà ní ìpíndọ́gba. Kọ́lẹ́ẹ̀jì tó fún ọmọ àjèjì 12 péré lówó, ẹ mọ̀ pé ED ti jẹ lára rẹ̀ kí oṣù kìíní tó dé. Èyí lè jẹ́ ìdí láti tètè ṣe é, bí èsì ọmọ bá dán.

Ẹ̀tàn kan wà tí àwọn òbí ń bọ́ sí: wọn ò béèrè owó kí ọmọ lè wọlé, wọ́n ní àwọn máa béèrè tó bá dé ọdún kejì. Ní ọ̀pọ̀ ibi, ọmọ àjèjì tí kò béèrè nígbà ìwọlé kò lè béèrè mọ́ títí tó fi máa jáde. Tí ẹ bá sì máa fi náírà san gbogbo rẹ̀, ẹ rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn oṣù kẹfà 2023 tí wọ́n tú náírà sílẹ̀: ẹni tó ṣírò ọdún mẹ́rin lórí nǹkan bí 460 sí dọ́là kan rí i tó kọjá 1,400 kó tó pé ọdún kan.

Físà náà wà níbẹ̀. Ìkéde ìjọba Amẹ́ríkà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 1 oṣù kìíní 2026 dá fífún àwọn ọmọ Nàìjíríà àti Benin ní físà akẹ́kọ̀ọ́ tuntun dúró, ti Togo ti ṣáájú ní oṣù kẹfà 2025. Irú ìkéde báyìí máa ń yí, nítorí náà ẹ wo ojú òpó ilé-iṣẹ́ aṣojú Amẹ́ríkà ní ọ̀sẹ̀ tí ẹ fẹ́ fọwọ́ sí i gan-an. Ẹni tó ní pásípọ́ọ̀tù orílẹ̀-èdè mìíràn tí ìkéde náà kò kàn lè fi ìyẹn rìn. Àwọn tó kù, EA ló yẹ wọ́n, kí wọ́n sì béèrè lọ́wọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì bóyá wọ́n máa fi àyè ọmọ pa mọ́ fún ọdún kan tí físà ò bá jáde.

Fún ìwé ìdánwò: ọdún mẹ́rin tó kẹ́yìn ní girama ni Amẹ́ríkà ń wò, ìyẹn JSS3 dé SS3. Ọmọ SS3 tó ń béèrè ní oṣù kọkànlá kò tíì jókòó fún WAEC, nítorí náà èsì táàmù kọ̀ọ̀kan láti JSS3 ló máa gbé ẹjọ́ rẹ̀ rò. Ilé-ẹ̀kọ́ ló gbọ́dọ̀ fi í ránṣẹ́, pẹ̀lú òǹtẹ̀, láti íméèlì tó ń jẹ́ orúkọ ilé-ẹ̀kọ́. Níbi tí kò ti sí olùdámọ̀ràn, ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ tàbí igbákejì rẹ̀ ló máa fọwọ́ sí àdéhùn ED. Ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ó kéré tán, ẹ sì ṣàlàyé ohun tó ń fọwọ́ sí; ọ̀pọ̀ wọn ò tíì rí i rí.

Ṣé fáìlì ọmọ ti pọ́n ní oṣù kẹwàá?

Ìbéèrè kùtùkùtù ń gé ohun tí kọ́lẹ́ẹ̀jì máa rí kúrú. Ọmọ tí máàkì rẹ̀ ń gòkè, tó ṣubú ní ọdún kejì, tó wá ń gba A báyìí, nílò èsì ìdajì ọdún tó kẹ́yìn. ED àkọ́kọ́ kò ní rí i. ED II tàbí ti gbogboogbò máa rí i. SAT oṣù kẹjọ àti ti oṣù kẹwàá máa ń bá ìgbà mu. Ti oṣù kọkànlá, àwọn kan ń gbà á, àwọn kan ò gbà á, ẹ béèrè. Àròkọ pàtàkì yẹ kó ti parí ní ìparí oṣù kẹsàn-án, kí oṣù kẹwàá lè wà fún àwọn àfikún tí kọ́lẹ́ẹ̀jì kọ̀ọ̀kan ń béèrè. Bí ọmọ ò bá lè sọ, láìwo ìwé, kíláàsì méjì àti ohun kan pàtó nínú ilé-ẹ̀kọ́ yẹn tó fà á mọ́ra yàtọ̀ sí orúkọ, kò tíì fẹ́ ibẹ̀. Orúkọ ló fẹ́.

Ní oṣù kẹwàá, kí ọmọ bẹ olùkọ́ méjì fún lẹ́tà ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹ wo íméèlì òbí tí wọ́n kọ sínú Common App dáadáa, torí ibẹ̀ ni àdéhùn máa lọ. Ọmọ tó kọ íméèlì ara rẹ̀ síbẹ̀ ti fọwọ́ sí ìwé lórúkọ yín láìjẹ́ pé ẹ kà á. Ẹ fi fọ́ọ̀mù sílẹ̀ ní ọjọ́ mẹ́rin ṣáájú gbèdéke, kí ẹ sì wo portal kọ́lẹ́ẹ̀jì lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan bóyá gbogbo ìwé ti dé. Ohun tó ń ba ti ọ̀pọ̀ jẹ́ ni pé wọ́n dá iṣẹ́ dúró lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n ń retí oṣù kejìlá. Tí èsì bá wá já sí bẹ́ẹ̀ kọ́ ní ọjọ́ 15, ó ku bí ọ̀sẹ̀ méjì láti kọ fọ́ọ̀mù mẹ́jọ nígbà ọdún Kérésì, pẹ̀lú ọmọ tí ojú rẹ̀ ṣì wú. Kó parí àwọn yòókù ní oṣù kọkànlá, kó má kàn tíì tẹ bọ́tìnnì.

Lẹ́yìn tí èsì bá dé

Bí wọ́n bá sún ọmọ síwájú, ìdè ti já. Wọ́n máa tún fọ́ọ̀mù rẹ̀ kà pẹ̀lú ti àwọn tó béèrè ní oṣù kìíní, ó sì lómìnira láti ṣe ED II níbòmíràn. Kó kọ lẹ́tà kan, ojú ìwé kan péré, tó sọ ohun tuntun tó ti ṣẹlẹ̀: máàkì, ẹ̀bùn, iṣẹ́. Kó má fi lẹ́tà mẹ́fà láti ọwọ́ pásítọ̀ àti àbúrò bàbá ránṣẹ́. Bí wọ́n bá kọ̀ ọ́ pátápátá, kò lè padà béèrè níbẹ̀ lọ́dún yẹn.

Bí wọ́n bá gbà á nípasẹ̀ ED tí owó kò tó, ẹ kọ̀wé sí ọ́fíìsì ìrànwọ́ owó láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ fi ìwé calculator tí ẹ tọ́jú sí i, àti ohun tó yí padà: iṣẹ́ tó bọ́, owó ilé ìwòsàn, àṣìṣe nínú ìwé. Ẹ ní kí wọ́n sún ọjọ́ owó àsansílẹ̀ síwájú nígbà tí wọ́n bá ń tún un wò, kí ẹ má sì tíì fa ìbéèrè kankan padà níbòmíràn. Bí wọ́n bá ní àwọn ò lè ṣe jù bẹ́ẹ̀, tí iye náà sì kọjá agbára yín, ẹ béèrè ìtúsílẹ̀ nínú ìwé. Owó nìkan ni ìdí tí wọ́n ń gbà láìsí ìjà. Ẹni tí wọ́n bá tú sílẹ̀ báyìí kò lè padà wá bá wọn ní oṣù kẹrin pé òun ti rí owó.

Ẹni tó kàn yí ọkàn padà, kò sí ọlọ́pàá tó máa wá a, àmọ́ àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì lè sọ fún ara wọn, olùdámọ̀ràn sì lè kọ̀ láti fi èsì ránṣẹ́ síbòmíràn. Àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn ló sì máa ń jẹ ìyà rẹ̀: ní 2025, Tulane fi òfin de ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní Colorado pé àwọn ọmọ ibẹ̀ ò ní lè ṣe ED fún ọdún kan, nítorí ọmọ kan tó yẹ àdéhùn.

Tí owó bá tó, ẹ san owó àsansílẹ̀, kí ọmọ wá fa àwọn yòókù padà láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Common App kì í ṣe é fún un. Kó wọ portal kọ́lẹ́ẹ̀jì kọ̀ọ̀kan, kó tẹ ibi tí wọ́n kọ withdraw sí, tàbí kó fi íméèlì ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì ìgbàwọlé: orúkọ rẹ̀ kíkún, ọjọ́ ìbí, nọ́ńbà ìbéèrè rẹ̀, àti gbólóhùn kan pé wọ́n ti gba òun nípasẹ̀ ED níbòmíràn. University of California ní portal tirẹ̀ lọ́tọ̀. UCAS náà wà lọ́tọ̀, òun sì ni àwọn ọmọ London máa ń gbàgbé jù.